Kí ló dé tí ìdánwò ìkìlọ̀ pàjáwìrì fi ń já lu tẹlifíṣọ̀n wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston
Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù Kejì 2024

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù kà á tán.

Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru, aago méje àárọ̀ la máa ń jáde. Lánàá, Ọjọ́rú, dípò kí n wọlé sùn, mo jókòó de Super Eagles àti South Africa, ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa níbí. Màmá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìyàwó mi ti se ìkọ́kọrẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wò ó mọ bí àyà ṣe ń já. Troost-Ekong gbá pẹnáltì wọlé ní ìṣẹ́jú 67. Osimhen gbá èkejì wọlé, a ti dìde, a ti ń jó, àfi bí rẹfirí ṣe lọ wo fídíò tó ní òun fagi lé e, tó sì fún South Africa ní pẹnáltì nítorí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ní ojú ilé tiwa. Mokoena gbá a wọlé. Ó di 1-1, àfikún àkókò parí, ó ṣì jẹ́ 1-1. Ó ku pẹnáltì.

Nwabali mú ọ̀kan. Mo pariwo débi pé ọ̀fun mi ń ro mí di ìsinsìnyí. Ìgbà yẹn gan-an ni àwòrán pòórá. Krrr! Krrr! Krrr! Ojú tẹlifíṣọ̀n ṣú dùdù, wọ́n kọ Required Weekly Test sí i, ìyẹn ìdánwò ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó jẹ́ dandan. Mo tẹ rìmóòtù, kò dáhùn. Mo yí i sí ìkànnì mìíràn, ohun kan náà ló wà níbẹ̀. Ó yẹ kó kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n tiwa dúró sójú kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà, títí mo fi fa wáyà àpótí kébù yọ lára iná tí mo sì tún un kì bọ̀ ọ́. Kó tó jí padà, Iheanacho ti gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé. Ariwo àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé òkè wa ni mo fi mọ̀ pé a ti borí, 4-2.

Bọ́ọ̀lù nìkan kọ́ ni ẹ̀dùn ọkàn mi. Màmá mi ti pé ẹni ọdún 81. Oṣù Kẹwàá tó kọjá ni wọ́n ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá sọ́dọ̀ wa. Ní 1967, Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n wà, gààrí ni wọ́n ń tà níbẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra wọ ìlú náà nínú oṣù Kẹjọ. Wọ́n fi gbogbo ọjà sílẹ̀, wọ́n pọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, wọ́n sì gba inú igbó lọ. Wọn kì í sọ púpọ̀ nípa ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ohùn yẹn bá ti dún nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á dìde, wọ́n á fún ìró mọ́ ìdí, wọ́n á máa wá bàtà. Lánàá, nígbà tí èmi ń bá rìmóòtù jà, wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà. "Àwọn ọmọ dà? Ẹ kó àwọn ọmọ!" Ìwé tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n sọ pé ìdánwò ni, ṣùgbọ́n òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, màmá mi kò sì gbọ́ òyìnbó. Ó tó wákàtí kan kí ọwọ́ wọn tó dẹ́kun gbígbọ̀n. Ìkọ́kọrẹ́ náà tutù sílẹ̀, wọn ò fẹnu kàn án.

Láti ìgbà tí wọ́n ti dé ni mo ti ń sàmì sí i lára kàlẹ́ńdà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì. Ìgbà 17 ni. Méjìlá nínú wọn bọ́ sí àárín aago kan sí aago mẹ́ta ọ̀sán, àsìkò tí Màmá máa ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n.

Mi ò sọ pé kí wọ́n má kìlọ̀ fún wa o. Houston níbí ni mo wà nígbà ìjì líle Harvey ní 2017, omi wọ ilé wa, ó mù wá dé orúnkún. Mo mọ iyì ìkìlọ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ta ló ń pàṣẹ ìdánwò yìí? Ṣé dandan ni kó jẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ṣé kò ṣeé gbé sí òru? Ṣé mo lè pa á lórí àpótí wa? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó jọ̀ọ́ là mí lóye.

Ẹlẹ́rọ Rédíò
Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù Kejì 2024

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ bá mi kí Màmá púpọ̀. Ọ̀rọ̀ Ọ̀rẹ̀ yẹn mú mi lọ́kàn, torí ọmọ Oǹdó ni mí, a gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu àwọn òbí wa.

Ẹlẹ́rọ ni mí ní ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan ní Georgia, ọdún kọkànlá mi rèé. Èmi ni mo ń fọwọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀ ìdánwò yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí náà iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo fẹ́ sọ.

EAS (Emergency Alert System), ìyẹn ètò ìkìlọ̀ pàjáwìrì, ni orúkọ ètò náà. Ní 1997 ló gba ipò èyí tí wọ́n ń pè ní EBS, tó ti wà láti 1963. FCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ló ṣe òfin rẹ̀. Oríṣi ìdánwò méjì ló kàn yín nínú ilé, wọn kò sì jọra.

Ti ọ̀sẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu nínú. Krrr mẹ́ta tí ẹ gbọ́ yẹn, ẹ̀rọ ló ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ó ń sọ irú ìkìlọ̀ tó jẹ́, agbègbè tó kàn, àti bí yóò ṣe pẹ́ tó. Harris County tiyín, 048201 ni nọ́ńbà rẹ̀ nínú krrr yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àmì ìparí, lẹ́tà N mẹ́rin, òun náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tán. Ilé iṣẹ́ lè ṣe ìdánwò yìí ní ọjọ́ tó bá wù ú àti ní wákàtí tó bá wù ú.

Ti oṣù ló ní ohùn gígùn tó ń gún etí yẹn. Ohùn méjì ni wọ́n lù pọ̀, 853 Hz àti 960 Hz, ó kéré tán ìṣẹ́jú-àáyá 8, kò sì gbọdọ̀ ju 25 lọ. Ohùn méjèèjì kò bá ara wọn mu rárá, ìdí nìyẹn tí ara fi máa ń bù wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èèyàn á sọ̀rọ̀ pé ìdánwò ni. Èyí ní àsìkò tirẹ̀ nínú òfin: nínú January, March, May àti àwọn oṣù bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, láàárín 8:30 àárọ̀ sí ìgbà tí oòrùn bá wọ̀; nínú February, April àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ di 8:30 àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń mú ọjọ́ rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó bá gbà á sì gbọ́dọ̀ gbé e jáde láàárín ìṣẹ́jú 60. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá ti ṣe ti oṣù, wọn kò tún ní láti ṣe ti ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó. February la wà. Ìdánwò ti oṣù kò lè bọ́ sí ọ̀sán nínú oṣù yìí. Èyí tó já lu pẹnáltì yín, ti ọ̀sẹ̀ ni, àwọn kébù yín fúnra wọn ló mú wákàtí rẹ̀. Kì í ṣe FCC ló ní kó jẹ́ ọ̀sán Ọjọ́rú. Ẹnì kan ló jókòó sídìí ẹ̀rọ tó tẹ wákàtí yẹn sínú rẹ̀, ẹni náà sì lè yí i padà.

Nípa ìdí tí a fi ń ṣe é lemọ́lemọ́: ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń tẹ́tí sí ilé iṣẹ́ méjì mìíràn, ó kéré tán. Ẹni tó bá gbọ́ ni yóò ké sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lókè pátápátá ni ilé iṣẹ́ rédíò 77 wà tí FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àjálù, ń lò bí orísun. Bí ẹnì kan bá dití láàárín, gbogbo ẹni tó gbójú lé e ti dití nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá 2011, tí wọ́n kọ́kọ́ dán gbogbo orílẹ̀-èdè wò lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn kan kò gbọ́ nǹkan kan, níbòmíràn ohùn ń dún lórí ohùn. Lọ́dọ̀ tiwa, ní ọdún 2019, ọ̀sẹ̀ kan wá lọ tí a kò gba ìdánwò láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn méjì tí à ń tẹ́tí sí. Mo gun òkè ilé, mo rí i pé ọ̀kẹ́rẹ́ ti jẹ wáyà eríàlì wa já. Oṣù Kẹta ni, àsìkò ìjì ní Georgia. Ká ní kò sí ìdánwò ọ̀sẹ̀ yẹn ni, ọjọ́ tí ìjì bá dé la ò bá tó mọ̀.

Ẹ ò lè pa á lórí àpótí yín. Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan lẹ ti ń wo nǹkan, kò ní dà yín láàmú, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ gidi náà kò ní tọ̀ yín wá lójú tẹlifíṣọ̀n. Mi ò gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ní Houston.

Nípa àpótí tó di: nígbà ìdánwò, ilé iṣẹ́ kébù máa ń fipá gbé gbogbo àpótí lọ sí ìkànnì kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí rìmóòtù kò fi ṣiṣẹ́. Àmì ìparí ló yẹ kó dá yín padà. Bí àpótí kò bá gbọ́ àmì náà, tàbí tó ti gbó, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí. Ìyẹn kì í ṣe ìdánwò mọ́, àbùkù ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe.

Ẹ pè wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó kọ́kọ́ gbé fóònù dá yín lóhùn pé òfin ìjọba ni. Ẹ ní kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́rọ tó ń bójú tó EAS. Ẹ bèèrè pé kí wọ́n gbé ìdánwò ọ̀sẹ̀ sí aago méjì tàbí mẹ́ta òru, kí wọ́n sì wá wo àpótí yín. Ẹ ka ohun tí ẹ kọ sára kàlẹ́ńdà fún wọn, torí ọjọ́ àti wákàtí ni ẹlẹ́rọ ń gbọ́. Tí wọn kò bá dáhùn, ẹ fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí FCC lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni. Tí FCC bá ti fi ránṣẹ́ sí wọn, ọjọ́ 30 ni wọ́n ní láti fèsì.

Ìyá Ìbejì Deer Park
Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù Kejì 2024

Bọ̀dá mi, ẹ kú ìfaradà. Mo ka ti Màmá, omi bọ́ lójú mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa. Ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún tó kọjá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọ̀sán ni. Èmi náà, iṣẹ́ òru ni mo ti dé, mo sùn sórí àga, tẹlifíṣọ̀n wà ní títàn. Àwọn ìbejì kò lọ ilé ìwé nítorí ibà. Ohùn yẹn dún. Mo ṣẹ́jú, mo ní ìdánwò ni, mo yíjú sí ògiri. Ọlọ́run ló ní kí n má sùn padà: mo gbọ́ tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dárúkọ Pasadena tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó dárúkọ Deer Park tiwa, ó ní tọ̀nédò ti wà nílẹ̀. Mo fa àwọn ọmọ wọ inú yàrá ìwẹ̀, mo fi mátírẹ́ẹ̀sì bò wọ́n, mo dùbúlẹ̀ lé wọn. Ìró rẹ̀ dà bíi rélùwéè. Òrùlé tiwa dúró, ṣùgbọ́n ilé kẹta sí wa, gbogbo òkè rẹ̀ ti lọ. EF3 ni wọ́n pè é lẹ́yìn náà, ìyẹn ìpele agbára tọ̀nédò tó le gan-an. Wọ́n ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ́fíìsì ojú ọjọ́ ti Houston yóò kéde ìkìlọ̀ tọ̀nédò tó ga jù lọ, kò sì sí ẹni tó kú.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù títí dòní ni ìṣẹ́jú-àáyá tí mo fi yíjú sí ògiri yẹn. Kí ló dé tí mo fi yíjú? Nítorí pé gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo ń gbọ́ ọ, tí kì í ṣe nǹkan kan. Ohun tó ń dún lọ́sàn-án gangan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, etí á mọ́ ọn. Màmá yín ò tíì jẹ́ kó mọ́ àwọn lára, èmi ti jẹ́ kó mọ́ mi lára, kò sí èyí tó dáa nínú méjèèjì.

Torí náà mo fara mọ́ ohun tí àbúrò wa ẹlẹ́rọ sọ. Kí wọ́n gbé ti ọ̀sẹ̀ sí òru tí ẹ̀rọ á fi máa bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Tí ohùn náà bá wá dún lọ́sàn-án, kí gbogbo wa dìde.

Sójà Fẹ̀yìntì
Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù Kejì 2024

Ọ̀rọ̀ mi kò gùn. Ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 2018, Oahu ní Hawaii ni mo wà pẹ̀lú ìdílé mi. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méje àárọ̀, fóònù dún, tẹlifíṣọ̀n náà gbé e: bọ́ǹbù ń bọ̀, ẹ wá ibi sá sí, èyí kì í ṣe ìdánrawò. Mo kó àwọn ọmọ sínú bàtìrúùmù, èmi àti ìyá wọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a ń gbàdúrà. Ìṣẹ́jú 38 ló gbà kí wọ́n tó fi àtúnṣe ránṣẹ́ pé kò sí nǹkan kan. Ìdánrawò ni wọ́n ń ṣe ní ọ́fíìsì wọn, ẹnì kan ló rán èyí tó jẹ́ gidi jáde.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, kò lè gbọ́ ohùn yẹn fún oṣù mélòó kan láìsunkún. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ ni pé mo wá ohùn ìdánwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo gbé e sílẹ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, mo gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, mo ń ṣàlàyé fún un: tó bá jẹ́ krrr nìkan tó sì dákẹ́, ẹ̀rọ ló ń kí ara wọn. Tó bá gùn, tí èèyàn sì ń sọ̀rọ̀, pe dádì. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú Màmá, ní èdè wọn, lọ́jọ́ tí ara wọn bá balẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston
Ọjọ́ Ẹtì, 23 oṣù Kejì 2024

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo ní kí n padà wá jábọ̀.

Mo pe ilé iṣẹ́ kébù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni àkọ́kọ́ ní òfin ìjọba ni, bí ẹlẹ́rọ wa ṣe wí gan-an. Ẹni kejì ní kí n pa àpótí kí n tún un tàn. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ka kàlẹ́ńdà fún obìnrin tó gbé fóònù, ọjọ́ 17 pẹ̀lú wákàtí wọn, mo sì ṣàlàyé bí màmá mi ṣe máa ń sáré wá bàtà. Obìnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ìyá àgbà tòun náà ń gbé lọ́dọ̀ àwọn, Vietnam ni wọ́n ti wá. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn.

Ní ọjọ́ 14, ọ̀sán náà ló tún dé, 1:40. Mo fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí FCC lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní Ọjọ́rú tó kọjá yìí, ojú tẹlifíṣọ̀n kò yí padà láti àárọ̀ di alẹ́. Ìyàwó mi tó jí fún àdúrà òru ló sọ fún mi pé aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá òru ló dún, fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, tí Màmá sì ń sùn lọ ní tiwọn. Bóyá FCC ni o, bóyá obìnrin yẹn ni o, èmi dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn ná.

Mo ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n wa sójà sọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, lẹ́yìn tí Màmá ti jẹun, mo gbé fóònù mi sílẹ̀, mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn méjèèjì. Ti krrr, wọ́n ní ó jọ ìgbà tí bàbá wa máa ń wá Rédíò Ìbàdàn lálẹ́. Ti gígùn náà kò tẹ́ wọn lọ́rùn rárá, wọ́n ní kí n pa á. Mo pa á. Wọ́n wá bi mí pé tí èyí bá dún ní tòótọ́, ibo la máa gbà? Mo mú wọn dé yàrá kékeré tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, wọ́n wò ó, wọ́n ní kí n gbé àga kan síbẹ̀ àti omi. Mo ti gbé e.

Àṣekágbá, ilé ọ̀rẹ́ mi ní Alief la ti wò ó. Côte d'Ivoire nà wá, 2-1, a wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ti àpótí tó ń di ló kù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá pààrọ̀ rẹ̀. Màmá ti ní àwọn fẹ́ wà níbẹ̀ tí ẹlẹ́rọ náà bá dé, kí n bá àwọn túmọ̀.